Ewéko ti hù lórí òkìtì ìwakùsà: ṣé ilẹ̀ ti mọ́ nìyẹn?

Ìbéèrè: "Òkìtì àjẹkù ìwakùsà kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Òjé àti síǹkì ni wọ́n ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti pa á tì. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, orí apárí ni, kò sí ewé kan lórí ẹ̀. Ní báyìí, koríko ti bo apá kan, òdòdó wẹ́wẹ́ sì ń tanná láàárín rẹ̀. Àwọn kan ní ewéko yẹn ti ń fa májèlé inú ilẹ̀ mu, pé tó bá tún tó ọdún mélòó kan sí i, a lè dáko síbẹ̀. Àwọn mìíràn ní ká gbin súnfíláwà sí i kó lè tètè mọ́. Èwo ni ká dì mú? Ewúrẹ́ tilẹ̀ ti ń jẹ̀ níbẹ̀."

* * *

Ẹ kọ́kọ́ lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ yòókù lè dúró dìgbà tí ẹ bá dé.

* * *

Ó dáa. Mo ti ka èsì tí àwọn èèyàn kọ sí ìbéèrè yìí, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan gbà pé ewéko ni oníṣègùn ilẹ̀: ó fa májèlé, ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ilẹ̀ bọ̀ sípò. Àwọn kejì ní irọ́ ni, pé ibi tí òjé bá wà, nǹkan kan ò lè hù níbẹ̀ láéláé, àfi tí òjò bá gbé iyẹ̀pẹ̀ rere lé e lórí. Èmi ò bá èyíkéyìí nínú wọn lọ.

Ti àkọ́kọ́ ná. Epo tó dà sílẹ̀ lè jẹrà, kòkòrò àìrí lè jẹ ẹ́ tán. Òògùn apakòkòrò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń túká tó bá yá. Òjé kì í jẹrà. Síǹkì kì í jẹrà. Kádmíọ̀mù, tó sábà máa ń bá síǹkì rìn nínú òkúta, kì í jẹrà. Tí ewéko bá fà á, inú ewéko náà ló wà. Tí ewé bá rẹ̀ dànù, ó padà sórí ilẹ̀, ó sì wá wà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè gbé e. Tí ẹ bá sun ewé náà, ó wà nínú eérú, apá kan sì lè bá èéfín lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ewéko ti fa májèlé tán, ẹ bi í pé: ó gbé e lọ síbo?

Ti ìkejì, ewéko ń hù lórí òjé, ó ń hù lórí bàbà, ó ń hù lórí níkẹ̀lì. Ní Katanga, ní gúúsù Kóńgò, òdòdó kan wà tí wọ́n mọ̀ sí òdòdó bàbà, Haumaniastrum katangense. Ibi tí bàbà bá pọ̀ nínú ilẹ̀ ló ti máa ń hù, títí kan ibi tí àwọn ará ìgbàanì ti yọ́ bàbà. Àwọn tó ń wá ohun àtijọ́ tilẹ̀ ti fi òdòdó yẹn mọ ibi tí iná ìléru ti jó rí. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ rere kankan tí òjò gbé wá níbẹ̀.

* * *

Ẹnì kan bi mí pé, tó bá jẹ́ májèlé ni, báwo ni ewéko ò ṣe kú?

Ìwà méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ wọn. Mo máa ń pè wọ́n ní ahun àti wọ̀bìà. Ahun ni èyí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mẹ́táàlì lẹ́nu gbòǹgbò. Ó lè jẹ́ kó dé ara gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́bẹ̀, kò jẹ́ kó gòkè dé ewé. Ọ̀pọ̀ koríko orí òkìtì òjé, ahun ni wọ́n. Wọ̀bìà ni èyí tó fà á wọlé, tó gbé e gòkè, tó wá kó o sínú àpò omi inú sẹ́ẹ̀lì ewé rẹ̀, níbi tí kò ti ní bá iṣẹ́ mìíràn jà. Kòkòrò tó bá bu irú ewé bẹ́ẹ̀ jẹ, ara rẹ̀ á sọ fún un. Ní 1977 ni olùwádìí kan, Robert Brooks, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pààlà fún irú ewéko yìí. Wọ́n ní kó tó wọ ẹgbẹ́ náà, níkẹ̀lì tó wà nínú kílò kan ewé rẹ̀ gbígbẹ gbọ́dọ̀ ju gíráàmù kan lọ.

Igi kan wà ní erékùṣù New Caledonia, Pycnandra acuminata. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ kan èèpo rẹ̀, ẹ ó retí oje funfun bíi ti rọ́bà. Rárá o, aláwọ̀ aró tó fẹ́ jọ ewé ló ń jáde, bí ẹni pé ẹnì kan po ọ̀dà sínú igi. (Oje ni mo wí o, kì í ṣe òjé.) Níkẹ̀lì ló pa á láró bẹ́ẹ̀. Bí oje náà bá gbẹ, níkẹ̀lì lè kó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Inú igi tó wà láàyè, tó ń so èso!

Irú àwọn wọ̀bìà yìí tí wọ́n ti mọ̀ lágbàáyé lé ní 700. Ibi tó ti dun olùbéèrè wa rèé: níkẹ̀lì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń jẹ. Àwọn tí wọ́n ní òjé ni wọ́n ń jẹ kò tó nǹkan, àríyànjiyàn sì wà lórí wọn, torí pé eruku òjé tó bà sórí ewé lè tan ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò jẹ.

* * *

"Síǹkì ńkọ́? Ṣebí wọ̀bìà síǹkì wà."

Ó wà. Noccaea caerulescens lorúkọ ẹ̀, ewéko kúkúrú kan ni ní Yúróòpù. Ẹ mú bírò ká ṣírò rẹ̀.

Hẹ́kítà kan ilẹ̀, tí a bá kà á dé 20 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀, wúwo tó nǹkan bíi 2,600 tọ́ọ̀nù. Ká ní gíráàmù mẹ́wàá síǹkì wà nínú kílò kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Síǹkì tọ́ọ̀nù 26 nìyẹn. Ká wá ní ewéko wa ṣe dáadáa, ó fún wa ní tọ́ọ̀nù márùn-ún ewé gbígbẹ lọ́dọọdún, gíráàmù mẹ́wàá síǹkì wà nínú kílò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kílò 50 là ń gbé jáde lọ́dún. Ẹ fi 50 pín 26,000. Ó jẹ́ 520 ọdún, bí òjò bá rọ̀ dáadáa, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbàgbé láti kórè.

20 sẹ̀ǹtímítà nìkan sì la kà yẹn. Òkìtì yín ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mi ò sọ pé ọgbọ́n yìí ò wúlò níbì kankan. Ní oko tí kádmíọ̀mù díẹ̀ bà jẹ́, níbi tí ohun tí a fẹ́ yọ kò ti tó nǹkan, ìṣirò náà lè já sí ọdún tí ènìyàn lè fojú rí. Bákan náà ni ásẹ́níìkì, májèlé mìíràn tó máa ń wà nínú òkúta: ní 2001 ni wọ́n kéde pé ewéko kan tí kì í tanná, Pteris vittata, ń fa ásẹ́níìkì gòkè lọ́nà àrà. Ilẹ̀ tí oògùn tí wọ́n fi ń pa igi pákó lára ti bà jẹ́ ní Florida ni wọ́n ti rí i. Oko tó bà jẹ́ díẹ̀ àti òkìtì ìwakùsà kì í ṣe ẹgbẹ́.

* * *

Súnfíláwà. Mo mọ̀ pé a ó débẹ̀.

Ibi tí ìtàn yẹn ti gbilẹ̀ nìyí: ní 1994, wọ́n tẹ́ súnfíláwà sórí omi adágún kékeré kan nítòsí Chernobyl, níbi tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ti bú gbàmù ní Ukraine, gbòǹgbò wọn rì sínú omi, wọ́n sì ń fa sísíọ̀mù àti strontium, májèlé tí ìbúgbàmù náà fi sílẹ̀, jáde. Omi ni o. Ohun tó ti yọ́ sínú omi, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá bá gbòǹgbò. Òjé inú òkìtì ti lẹ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ bí ẹyẹ tó kó sí àtè. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti bà jẹ́, ẹnì kan á ṣáà dìde, á ní súnfíláwà. Ó rẹwà nínú fọ́tò, mi ò jiyàn ìyẹn.

Ẹni tó mọ̀ díẹ̀ sí i á ní ká da EDTA sí i, kẹ́míkà tó ń tú òjé kúrò lára iyẹ̀pẹ̀ kí ewéko lè gbé e. Wọ́n dán an wò gan-an láwọn ọdún 1990. Òjé inú ewé sì pọ̀ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá tú sílẹ̀ tí ewéko ò tètè gbé, òjò á gbé e lọ sísàlẹ̀, á bá omi kànga. Májèlé tó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀yin lẹ lọ jí i. Ẹni tó bá tún dárúkọ EDTA níbí, mi ò ní dá a lóhùn.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí orí apárí. Kí ló dé tí nǹkan ò fi hù fún ogún ọdún? Òjé ni gbogbo èèyàn ń di ẹ̀bi rù. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo bu àjẹkù ìwakùsà sí agolo mẹ́rin, mo gbin irúgbìn koríko kan náà sí gbogbo wọn. Èkíní, mi ò fi nǹkan kan sí i. Èkejì, mo da ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, lúbúlúbú òkúta ẹfun. Ẹ̀kẹrin, méjèèjì. Ọjọ́ kẹjọ, gbogbo wọn ló hù! Mo ti ń yọ̀, mo ti ya fọ́tò. Mi ò mọ̀ pé oúnjẹ inú irúgbìn ni wọ́n ṣì ń jẹ, wọn ò tíì tọ́ ilẹ̀ wò rárá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé agolo kìíní ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Mo fà á tu, gbòǹgbò rẹ̀ ò gùn ju èékánná lọ, ẹnu rẹ̀ dúdú, ó kúrú bí àgékù ìgbálẹ̀. Èkejì pẹ́ díẹ̀ kó tó kú. Ẹ̀kẹta ò kú, ṣùgbọ́n ó rù, kò sì dàgbà. Ẹ̀kẹrin nìkan ló jọ koríko.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àjẹkù yẹn kan, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Pírààtì ló wà nínú rẹ̀, òkúta dídán tó máa ń jọ wúrà lójú ẹni tí kò mọ̀. Tí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti bá a pàdé, ó ń di ásíìdì, ásíìdì náà sì ń tú mẹ́táàlì sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí oúnjẹ kankan nínú ilẹ̀ yẹn fún ewéko, òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná ni. Oòrùn ń mú un gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé yanrìn rẹ̀ gé ọ̀dọ́ ewéko lẹ́sẹ̀. Òjé wà nínú ẹjọ́ náà, àmọ́ òun nìkan kọ́ ni ọ̀daràn.

Mo tún ṣe é nínú bokítì. Ìsàlẹ̀ jẹ́ àjẹkù lásán, òkè, bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ni mo po ẹfun àti ajílẹ̀ mọ́. Koríko hù, ó tutù, gbogbo ẹni tó rí i ló ní mo ṣe é re. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan mo la bokítì náà sí méjì. Gbòǹgbò sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ó dé ibi tí àdàlù mi parí sí, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni tó tẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Ẹyọ kan ò wọ ìsàlẹ̀. Ọ̀dá kan tó le báyìí, gbogbo rẹ̀ á gbẹ.

* * *

Wọ́n ní, "Ẹfun ló yanjú ẹ̀ nìyẹn, ká kàn da ẹfun sí i."

Ẹ rọra. Ẹfun ń pa ásíìdì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹfun á tán, pírààtì á ṣẹ́ kù. Ibi tó tutù yọ̀yọ̀ lọ́dún kìíní lè pọ́n padà lọ́dún kẹta, torí ásíìdì tuntun ń jáde lójoojúmọ́. Àfi kí ẹ mọ iye pírààtì tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó ṣírò ẹfun. Tí ásẹ́níìkì bá sì wà nínú òkìtì náà, ọ̀ràn mìíràn ni, ẹfun tó ń de òjé mọ́lẹ̀ lè tú ásẹ́níìkì sílẹ̀. Ajílẹ̀ oní-fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà rí bẹ́ẹ̀. Ó dáa fún òjé, ó máa ń sọ ọ́ di òkúta tí kì í tètè yọ́, ṣùgbọ́n ó ń ti ásẹ́níìkì kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Nítorí náà ẹ mọ ohun tó wà nínú òkìtì yín kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Àyẹ̀wò láàbù ẹ̀ẹ̀kan ò wọ́n tó àpò ẹfun ọgọ́rùn-ún.

* * *

Ẹnì kan fi òwe ṣàlàyé bí koríko ṣe ń bá òjé mọ́ra: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Òwe náà dùn létí, ṣùgbọ́n níbi ọ̀rọ̀ tiwa, àwọn ewé tí kò lè di ọṣẹ ti kú, àwọn tó kù la wá ń yìn.

Onímọ̀ ewéko kan, Tony Bradshaw, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí òkìtì ìwakùsà ilẹ̀ Wales. Bí wọ́n bá fọ́n irúgbìn koríko lásán, èyí tí kò mọ òkìtì rí, sórí ilẹ̀ bàbà, nínú ẹgbẹ̀rún kan, bóyá ẹyọ kan tàbí méjì ló máa yè. Ẹyọ kan yẹn ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Bó ṣe wà látinú irúgbìn nìyẹn, òkìtì kàn sẹ́ ẹ bí asẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ ló ń bo ibẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Kì í sì í pẹ́ tó bí ẹ ṣe rò. Lábẹ́ àwọn òpó iná ńlá tí wọ́n fi síǹkì bò, omi òjò tó ń kán láti ara irin ti mú kí koríko tó ń fara da síǹkì jọba níbẹ̀ láàárín ogún sí ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹ bá rìn kúrò lábẹ́ òpó díẹ̀, koríko tó wà lọ́hùn-ún ò ní í lè gbé abẹ́ òpó. (Èmi, láti ìgbà tí mo ti gbọ́ èyí, mi ò lè kọjá lábẹ́ òpó iná kí n má wolẹ̀.)

Inú irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti yọ irúgbìn tí wọ́n wá ń tà: Merlin fún òjé àti síǹkì níbi tí ẹfun bá wà, Goginan fún òjé àti síǹkì lórí ilẹ̀ kíkan, Parys fún bàbà. Orúkọ ibi ìwakùsà ni Goginan àti Parys, ní Wales. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí olùbéèrè lọ ra irúgbìn koríko pápá ìṣeré, ẹ gbọ́ ṣé?

* * *

Ọ̀rọ̀ jíjẹ. Ẹnì kan ní òun ti ń já ẹ̀fọ́ lórí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, "ó tutù, ó sì dùn, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ìrẹsì ẹ̀bá odò Jinzu ní Toyama, ní Jàpáànì, náà tutù, ó sì dùn. Kádmíọ̀mù láti ibi ìwakùsà Kamioka ń bá odò yẹn ṣàn wọ oko ìrẹsì. Àwọn tó jẹ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn àgbà obìnrin pàápàá jù lọ, eegun wọn di ẹlẹgẹ́, kíndìnrín wọn bà jẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún àìsàn náà, itai-itai, igbe ìrora ni: yéè, ó ń dùn mí. Ní 1968 ni ìjọba ibẹ̀ gbà pé kádmíọ̀mù ló fà á. Kò sí ọjọ́ kan tí ìrẹsì yẹn yí àwọ̀ padà láti kìlọ̀ fún wọn.

Ewé àti gbòǹgbò ló sábà máa ń gba mẹ́táàlì ju èso lọ. Tábà fẹ́ràn kádmíọ̀mù gan-an. Ní ti òjé, eruku ló burú jù. Ní Kabwe ní Zambia, ibi tí wọ́n ti wa òjé láti 1906 títí di 1994, iyẹ̀pẹ̀ àti eruku ni òjé ń gbà wọ ara àwọn ọmọdé, ọmọ tó ń ṣeré nílẹ̀ tó wá fi ọwọ́ sẹ́nu. Ewúrẹ́ náà nìyẹn. Koríko tó ń jẹ lè jẹ́ ahun pọ́ńbélé, ewé rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń fà á tu pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ahun nìyí. Wọ̀bìà ń gbé májèlé láti ìsàlẹ̀ wá sí ibi tí ẹnu ẹran lè dé. Ahun ń fi í sílẹ̀ níbi tó wà, ó sì ń fi gbòǹgbò di eruku mú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kí n yan ewéko fún òkìtì òjé, ahun ni mo ń wá.

* * *

Fún ẹni tó ń bèèrè bóyá owó wà nínú rẹ̀: ní ti níkẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni. Ní Albania wọ́n ti gbin wọ̀bìà níkẹ̀lì sórí ilẹ̀ tí níkẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n ń kórè rẹ̀, wọ́n ń sun ún, wọ́n ń yọ níkẹ̀lì nínú eérú. Ó lè tó ọgọ́rùn-ún kílò lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Òjé ò ní irú rẹ̀. Ẹ má tan ara yín.

* * *

Olùbéèrè ti padà wá. Ó ní ewúrẹ́ ti kúrò, wọ́n ti ṣọgbà yí i ká, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àdúgbò fẹ́ jáde lọ tu koríko àtijọ́ kúrò, kí wọ́n lè gbin koríko kan tí wọ́n ń pè ní vetiver sí gbogbo rẹ̀.

Ẹ má tu ú! Vetiver dáa, ahun ni òun náà, gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ níbi tí ilẹ̀ bá gbà á. Ibi tó ṣì ṣófo àti ojú ọ̀nà ibi tí àgbàrá ń gbà ni kí ẹ gbìn ín sí. Ti koríko tó ti wà níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún irúgbìn ló ti kú kí òun tó yè, owó yín ò lè ra irú rẹ̀. Òdòdó wẹ́wẹ́ yẹn náà, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ẹ̀bá ààlà Bẹ́ljíọ́mù àti Jámánì, òdòdó pupa rúsúrúsú kan wà, Viola calaminaria, tó jẹ́ pé ilẹ̀ síǹkì nìkan ló mọ̀ ní ilé.

Ẹ dúró kí orí koríko náà gbó. Ní àárọ̀ tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, tí eruku ò lè dìde, ẹ fi abẹ gé orí èso nìkan, ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé bá yín lọ, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sá a gbẹ, ẹ fọ́n ọn sí ibi tí ẹ bá ti fi ẹfun àti ajílẹ̀ tún ṣe, kí àdàlù náà sì jìn ju ti bokítì mi lọ. Kí ẹ tó ra ẹyọ àpò ẹfun kan, ẹ wá agolo mẹ́rin. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fa ọ̀kọ̀ọ̀kan tu, kí ẹ wá sọ bí gbòǹgbò wọn ṣe rí fún mi níbí.